Máamú inú Ahá

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya irun ọkùnrin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ewú ni irun tí ọjọ́ orí ti sọ di funfun. Irùngbọ̀n ni èyí tí ó hù sí àgbọ̀n. Máamú ni èyí tí ó hù láàárín imú àti ètè òkè. Ẹni tí irun ti ṣí kúrò ní àtàrí rẹ̀ ni apárí.

Bámgbélú, olùtẹ́-ẹní ìgbìmọ̀ Òkè-Ìgbá, mọ ìyàtọ̀ irun wọ̀nyí bí ó ti mọ ọ̀nà oko rẹ̀, nítorí irun ni wọ́n fi ń pín ìjókòó nílùú náà: ewú lórí ẹní òkè, irùngbọ̀n lórí ẹní ìsàlẹ̀, àwọn yòókù ní ìta. Iṣẹ́ náà sì ti sú u.

Agbo ilé méjì ti jà nítorí odò kan fún ọdún méje. Lọ́jọ́ tí wọn yóò parí ìjà náà, ahá ẹmu kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mu. Bí ẹnì kan bá kọ̀ ọ́, ìjà kò tíì tán. Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, olórí agbo ilé kan, ló kọ́kọ́ dé. Orí rẹ̀ ń dán, àgbọ̀n rẹ̀ sì jọ̀lọ̀.

"Bámgbélú, ẹní wo ni tèmi?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lo fẹ́ rò? Ìṣojú mi ni wọ́n bí bàbá rẹ!"

Bámgbélú mí kanlẹ̀, ó fi í jókòó sórí ẹní òkè. Nígbà tí yóò fi yíjú padà, Àdìgún, ọmọ ogún ọdún láti agbo ilé kejì, ti jókòó láàárín àwọn onírùngbọ̀n.

"Dìde níbẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí kì í ṣe irun ni?" Àdìgún lọ́ máamú rẹ̀. "Àbí orí dídán nìkan lẹ ń fún láyè?"

"Àgbọ̀n ni òfin wí, òfin kò wí ètè!"

Baálẹ̀ dá sí i láti orí ẹní òkè pé, "Fi í sílẹ̀. Òun ló kéré jù, òun ni yóò gbé ẹmu."

Agbẹ́mu ní í kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Àdìgún gbé ahá sẹ́nu, ṣùgbọ́n máamú rẹ̀ ti rì sínú ẹmu kí ètè rẹ̀ tó kàn án. Nígbà tí ó gbé e fún Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, irun dúdú mẹ́ta ń léfòó lójú ẹmu náà.

Bàbá kò gbà á. "Irun ọmọdé ti wẹ̀ nínú ẹmu mi kí n tó mu ún." Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń dìde.

"Mo wí i, mo tún un wí!" ni Bámgbélú pariwo. Ó da ẹmu náà nù, ó ní kí wọ́n mú abẹ wá. Níṣojú gbogbo ìgbìmọ̀, Àdìgún kúnlẹ̀, wọ́n fá máamú rẹ̀ kanlẹ̀.

Bàbá Ọ̀ṣúnlékè tẹjú mọ́ ojú jọ̀lọ̀ náà, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀. "Ó kúkú wá jọ mí! Bu òmíràn wá."

Wọ́n mu ún, odò sì di ti gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí Bámgbélú fi tú ìgbìmọ̀ ká lọ́jọ́ náà kò ran apárí tí kò nírùngbọ̀n lọ́wọ́; ó gbà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ojú ni kí a fi mọ irú àgbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nípa àwọn tí irun kù sí lára, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn àgbà fi ń pa òwe títí dòní pé: Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi.