Èdìdì Lísíásì

Nílùú kan létí òkun ilẹ̀ Gíríìkì, láyé ọjọ́un, ni oníṣòwò òróró kan ń gbé tó ń jẹ́ Lísíásì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti Mírínà, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ wà nínú ilé tí bàbá Lísíásì kọ́. Lísíásì ní òrùka kan tí òkúta ojú rẹ̀ pupa bí iyùn. Òkúta náà kò ju èékánná lọ, síbẹ̀ àgbà oníṣọ̀nà kan, Tímónì, gbẹ́ ọkùnrin tó ń júwe ilé sínú rẹ̀. Bí Lísíásì bá kọ lẹ́tà tán, á tẹ òrùka náà mọ́ ìda oyin rírọ̀, àwòrán á sì yọ. Èdìdì rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Lísíásì wọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ rì, òun àti òrùka bómi lọ. Kò pẹ́ tí Kálíà, tí wọ́n jọ ń ṣòwò, fi gbé ìwé kan wá síwájú àwọn àgbà ìlú. Ó ní kí ọ̀rẹ́ òun tó wọkọ̀ ló ti fi ilé náà ta òun lọ́rẹ. Wọ́n wo èdìdì ara ìwé: ọkùnrin kan, ilé kan. Wọ́n ní kí Mírínà kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Mírínà sunkún títí, ṣùgbọ́n èdìdì náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kí ló ṣe é? Ó wá lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti ìdálẹ̀ nígbà kan, ó mú un tọ Tímónì lọ.

“Bàbá, èdìdì tí Kálíà mú wá, mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó.”

Tímónì bá a lọ síwájú àwọn àgbà ìlú. Ó to èdìdì méjèèjì síra, ó wò wọ́n pẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin àgbà, ọwọ́ wo ni ọkùnrin inú lẹ́tà ọmọ yìí fi ń júwe ilé?”

Wọ́n ní ọ̀tún ni.

“Ti Kálíà ńkọ́?”

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Òsì ni.

Tímónì wá ṣàlàyé pé òdìkejì ni àwọn máa ń gbẹ́ sínú òkúta, nítorí ohun tó bá wà lápá òsì òkúta, apá ọ̀tún ló ń bọ́ sí lára ìda. Ẹni tó gbẹ́ ti Kálíà wo ìda lẹ́tà àtijọ́ kan, ó sì gbẹ́ ohun tó rí gẹ́lẹ́. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yí padà.

“Ayédèrú ni,” Tímónì wí. “Ẹni tó nilé kò ní júwe rẹ̀ báyìí.”

Ilé di ti Mírínà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe la òkun já dé ọ̀dọ̀ tiwa, èmi náà ṣì ń wádìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà làwọn àgbà ti ń kìlọ̀ fọ́mọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.