Ẹni Tí Ó Jàre Lórí Afárá

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan nínú igbó kòkó, tí gbogbo èèyàn gbà pé kò jẹ̀bi.

Òun ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwé sí abúlé náà. Nígbà náà, kò sí ọ̀nà mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀wé, àfi kí ó fi í sọ́dọ̀ ará ìlú, níbi tí ọmọ á ti máa fọ abọ́, tí á máa pọnmi, ju bí ó ṣe ń kàwé lọ. Ọkùnrin yìí ti fi ọmọ rẹ̀ kan ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà padà wálé pẹ̀lú egbò lẹ́yìn, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá rẹ̀ dé egungun. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn àlùfáà ní ìlú, wọ́n sì ní bí abúlé bá lè kọ́ ilé, àwọn yóò fi tíṣà ránṣẹ́.

Odò kan ló pín abúlé náà sí méjì, afárá onígi kan ló sì so wọ́n pọ̀. Ọkùnrin yìí ni olórí àwọn ará ìhín odò. Àwọn ará ọ̀hún náà ní olórí tiwọn. Nítorí pé ilẹ̀ ìhín ló tẹ́jú, ìhín ni wọ́n fẹnu kò sí láti kọ́ ilé ìwé náà. Àwọn obìnrin pọnmi, àwọn ọkùnrin po amọ̀, àwọn ọmọdé ja ewé gbodógì tí wọ́n fi bo òrùlé. Wọ́n wá pín iṣẹ́ ọdọọdún. Àwọn ará ìhín ni yóò máa tún òrùlé ṣe. Àwọn ará ọ̀hún, tí ọmọ wọn ń sọdá, ni yóò máa pààrọ̀ igi afárá ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, torí pé arère ni igi náà, arère kì í sì í pẹ́ jẹrà. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ obì lé e lórí.

Fún ọdún mélòó kan, nǹkan lọ déédéé. Tíṣà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè. Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ á gbọ́ tí àwọn ọmọ ń kàwé pọ̀, á sọ ẹrù kalẹ̀, á sì gbọ́ díẹ̀ kí ó tó máa lọ.

Ọjọ́ tí alábòójútó ilé ìwé wá láti ìlú ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ará ọ̀hún tó dé, àwọn ará ìhín ti jókòó sórí gbogbo àga, kò sì sẹ́ni tó dìde fún olórí àwọn ará ọ̀hún. Àlejò bèèrè ẹni tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀. Ọkùnrin yìí dìde, ó ní àwọn ni. Kò bojú wẹ̀yìn, níbi tí àwọn ará ọ̀hún dúró sí nínú oòrùn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ará ọ̀hún kò lọ gé igi. Olórí wọn ní kí àwọn tó ni ilé ìwé lọ ṣe afárá ilé ìwé wọn. Àwọn ìyá ọmọ kùn sí i, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé àwọn ará ìhín ni ojú yóò kọ́kọ́ tì. Báyìí ni ẹ̀ẹ̀rùn ṣe kọjá.

Tíṣà lọ bá ọkùnrin yìí nílé. Ó sọ fún un pé igi náà ti rọ̀, pé bí òun bá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi ló ń sun jáde. Ó sì rán an létí igi apá ńlá kan, igi líle tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, tí ìjì wó sínú oko rẹ̀ létí odò. Bí àwọn géńdé ìhín bá yí i láàárọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná wọn á ti gbé e dábùú odò.

Ọkùnrin náà bèèrè pé, "Tíṣà, iṣẹ́ ta ni afárá?"

Tíṣà ní, "Iṣẹ́ àwọn ará ọ̀hún ni, bàbá."

"Bí a bá ṣe é lọ́dún yìí, tiwa ni yóò dà. Iṣẹ́ tí èèyàn bá bá ọ̀lẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọrùn ẹni ló ń kù sí."

Láti ọjọ́ náà, bí ilé ìwé bá ti parí, tíṣà á ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á wọ inú odò, á máa gbé àwọn ọmọ kéékèèké sọdá. Ìyàwó ọkùnrin yìí rí i, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tíṣà náà ṣèèyàn.

Ní oṣù kẹta tí òjò bẹ̀rẹ̀, ibà dá tíṣà dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, òjò kò rọ̀ ní abúlé rárá. Òkè odò ló ti rọ̀, omi sì kún láìsí ẹni tó fura. Àwọn ọmọ ọ̀hún ń dá lọ sílé. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú, wọ́n sì dé àárín afárá. Igi náà kò tilẹ̀ dún. Ó kàn fọ́ lábẹ́ wọn bí iṣu tó ti rà.

Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ bẹ́ sínú omi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó wá wọn títí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí Àwẹ̀ró láàárín gbòǹgbò igi nísàlẹ̀ odò. Wọn kò rí àbúrò rẹ̀ títí di òní.

Àwọn àgbà abúlé yíká péjọ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n bèèrè àdéhùn, kò sì sí ẹni tó sẹ́. Olórí àwọn ará ọ̀hún dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún, wọ́n sì dá a lẹ́bi níṣojú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní àwọn ará ìhín jàre.

Bí ọkùnrin yìí ṣe ń padà sílé, ìyá àwọn ọmọ náà bá a lọ́nà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ jàre."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i pé kí ó dìde.

"Mo gbọ́ pé igi apá kan wà lóko yín. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí i."

Ó mú un lọ síbẹ̀. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé igi náà. Ó wò ó láti ìdí dé orí, ó wo odò, ó tún wo igi. Lẹ́yìn náà ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì lọ.

Àwọn ará ọ̀hún kò jẹ́ kí ọmọ wọn kan tún sọdá odò mọ́. Kí ọdún tó yípo, ọ̀pọ̀ wọn ti kó lọ sí ibòmíràn. Àwọn ọmọ tó kù kò tó nǹkan, àwọn àlùfáà sì pe tíṣà padà. Nígbà yẹn ni ọkùnrin yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ yí igi apá náà wọ odò. Ó fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè rìn lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí ọmọ ilé ìwé kankan tó gba orí rẹ̀ kọjá. Ilé ìwé náà wó. Ọkùnrin náà dàgbà, ó sì kú, kò sì sí ẹni tó bá a wí rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun ìbá fẹ́ kí ẹnì kan ti bá bàbá òun wí.

Ìwọ náà ti wá bá mi láàárọ̀ yìí, ọmọ mi, o sì rojọ́ fún mi. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ló gba ilé bàbá yín àti oko, òun ló sì ṣèlérí níwájú ẹbí pé òun yóò máa tọ́jú ìyá yín. O ní ẹsẹ̀ ìyá ti wú, kò lè dìde lórí ẹní mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì yọjú. O ní bí o bá gbé ìyá lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan, ọrùn rẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ yóò gbé gbogbo rẹ̀ kọ́. O fẹ́ kí n dá ẹjọ́ náà.

Mo ti gbọ́. Mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, irú èèyàn tí o pè é náà ló jẹ́. Bí mo bá pe ẹbí jọ lọ́la, òun ni wọn yóò dá lẹ́bi, kò sì sí ẹni tí yóò nàka sí ọ. O jàre.

Ó yá, dìde, lọ gbé ìyá rẹ.