Erin Òjélàdé àti Ẹ̀lírí Ilé Bùsàrí

Ní ìlú Ìkìrun, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Òjélàdé, aago ló máa ń tún ṣe. Awò kékeré dúdú tó fi ń wo inú aago kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú ọ̀tún rẹ̀. Bó bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Bó bá ń bá Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ jà, ó wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró a sì máa sọ pé awò yẹn gan-an ló ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ òun di ńlá.

Awò yìí náà ni Òjélàdé fi ń wo sítáǹpù tó ń kó jọ. Sítáǹpù ẹranko igbó ni: erin, ẹkùn, ẹfọ̀n, àgùnfọn, ẹtu. Kì í ṣe èyí tí ìjọba ń tẹ̀ nítorí ọdún tàbí àjọyọ̀. Èyí tí gbogbo ayé ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà lójoojúmọ́ ni, tí wọ́n ń tún tẹ̀ nígbàkígbà tó bá tán. Bí wọ́n sì ṣe ń tún un tẹ̀ ló ń yàtọ̀. Àwọ̀ erin tọdún yìí a ṣú ju ti èṣí lọ. Wọn a kọ orúkọ atẹ̀wé sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan, wọn a gbàgbé rẹ̀ lára òmíràn. Ẹni tí kò mọ̀ a ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n erin mẹ́fà ló wà nínú ìwé Òjélàdé, ó sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí Fúlàní ṣe ń mọ màlúù.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹ̀rọ ṣe àṣìṣe sí lára. Àwọ̀ kan yẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, eyín erin bá kúrò lẹ́nu erin, ó lọ dá dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ẹranko náà tu ú dànù. Atuyín ni Òjélàdé sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tú ààtàn ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó rí i, àwọn èèyàn sì ti ń rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Bùsàrí télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní òdìkejì títì, náà ń kó sítáǹpù jọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹpẹrẹ ló fi mú un. Ẹranko kan, sítáǹpù kan, ó parí. "Erin ṣáà ni erin ń jẹ́," ni ó máa ń wí. Àdéhùn kan wà láàárín wọn: bí ẹnì kan bá rí ohun tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ìwé ẹnì kejì, kó mú un láìbéèrè, kó ṣáà fi ẹranko mìíràn sí ipò rẹ̀. Àdéhùn yìí kò dá ìjà sílẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, Òjélàdé lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Bùsàrí wọlé. Ó ṣí ìwé, ó rí erin mẹ́fà, ó ní erin mẹ́fà pọ̀ jù fún ẹnì kan tí kì í ṣe ọdẹ. Ìwé tirẹ̀ kò sì ní erin. Ó yọ ọ̀kan, ó fi àgùnfọn dípò, ó kí Àwẹ̀ró pé ó dàbọ̀.

Òjélàdé dé, ó ṣí ìwé, àgùnfọn ló na ọrùn wò ó. Igbe tó ké, adìẹ tó sàba fò kúrò lórí ẹyin.

"Ta ló kú?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

"Atuyín! Atuyín mi!"

"Sítáǹpù yẹn? Ṣebí márùn-ún ṣẹ́kù."

Òjélàdé yí awò sí i. "Bí wọ́n bá gbé ọ lọ, tí wọ́n mú obìnrin mìíràn wá fún mi, ṣé wàá ní ṣebí obìnrin ni?"

"Bó bá ti lè gúnyán, kí wọ́n mú un wá. Kí èmi náà sinmi."

Òjélàdé pa ìwé náà dé. Ó sọdá títì láìwọ bàtà.

"Bùsàrí! Erin mi dà?"

"Káàbọ̀ o, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé o rí àgùnfọn tí mo fi sílẹ̀? Àgùnfọn ga ju erin lọ, ìwọ lo jèrè."

"Gbé erin mi wá."

"Ẹ̀hẹn, má bínú. Lọ́la ni màá ra tuntun fún ọ. Ó jọ ọ́ títí dé ìrù."

"Ó jọ ọ́ kọ́ ni òun! Bí mo bá gbé ṣòkòtò ẹlòmíràn wá fún ọ, tó jọ tìrẹ, ṣé wàá wọ̀ ọ́?"

"Bó bá ti bá mi mu, ṣé mo máa wà níhòòhò ni?"

Àwọn tó ń kọjá ti dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òjélàdé na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tó bá tún sọ 'ó jọ' létí mi lónìí, màá fọ́ ọ lẹ́nu!"

Bùsàrí wọlé lọ mú ìwé rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó sì jáde, ojú rẹ̀ ti fàro. Dípò kó máa fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbé sítáǹpù sínú ìwé bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń ṣe, ẹ̀kọ gbígbóná ló fi ń lẹ̀ wọ́n. Ẹ̀lírí kò sì mọ sítáǹpù, ẹ̀kọ ló mọ̀. Ihò ńlá ló wà níbi tí erin yẹ kó wà. Wọ́n wọlé fa àpótí aṣọ kúrò lára ògiri, wọ́n rí ìtẹ́ tí ẹ̀lírí fi bébà ṣe, wọ́n gbé e jáde. Orí ẹkùn wà níbẹ̀, ìdí ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Lára Atuyín, eyín yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Ìyá ẹ̀lírí ti sá lọ, ó fi ọmọ kan sílẹ̀ tó ti kú, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ.

Òjélàdé gbá Bùsàrí lọ́rùn ẹ̀wù mú. "San án!"

"Màá san. Kí ni kí n san?"

"Atuyín!"

"Ẹ̀lírí ti jẹ ẹ́. Gba gbogbo ìwé mi."

"Kò jọ ọ́!"

"Màá rán aṣọ ọdún fún ọ, fún Àwẹ̀ró, fún gbogbo ọmọ."

"Kò jọ ọ́! Kò sí ohun tó jọ ọ́! Láti òní lọ, èmi àti ìwọ kò ní jókòó pọ̀ mọ́ láyé!"

Ìyá Bùsàrí ti wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ látìgbà yìí, ó ń pa ẹ̀pà. Ìyá arúgbó náà dìde, ó di òkú ọmọ ẹ̀lírí mú ní ìrù, ó tẹ́ ẹ sínú ìdajì èèpo ẹ̀pà, ó sì fi ìdajì kejì dé e. Ó gbé e síwájú Òjélàdé.

"Òjé, ìwọ tí ojú rẹ mú. Kí lèyí jọ?"

Òjélàdé kò fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wo nǹkan láwòfín jù, kò lè purọ́ nípa ohun tó bá rí. Èèpo náà gùn gbọọrọ, ìdérí rẹ̀ sì bá a mu wẹ́kú.

"Pósí," ló wí tìbínú-tìbínú. "Ó jọ pósí."

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti sọ ọ́ o! Ta ni yóò fọ́ ọ lẹ́nu báyìí?"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Káfíńtà kọ́ ló kàn án, pósí kọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ni ǹ bá tún fi wé? Ohun tó lọ ti lọ, Òjé. Èyí tó jọ ọ́ ló kù tí a lè fi wọ̀n ọ́n." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ mú ẹtu baba rẹ wá, kí o fi san gbèsè erin."

Ojú Bùsàrí yí padà. Sítáǹpù ẹtu kan wà tí kò sí nínú ìwé. Ara àpò lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ kọ kẹ́yìn láti Kánò ló wà, nínú gíláàsì, lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Màá ra ẹtu mìíràn fún un!"

"Ẹtu ṣáà ni ẹtu ń jẹ́."

"Kò jọ ọ́!" ni Bùsàrí kígbe, ohùn rẹ̀ ya. "Màmá, kò sí èyí tó jọ ọ́!"

Ẹ̀rín dá. Ìyá wo Òjélàdé. "Ṣé o gbọ́ igbe yẹn? Ṣé ó jọ tìrẹ?"

Òjélàdé yí awò sí Bùsàrí. "Ó jọ ọ́, mà."

Ìyá fúnra rẹ̀ wọlé, ó gbé gíláàsì náà jáde, ó fi lé Òjélàdé lọ́wọ́. Òjélàdé fi awò wò ó títí. Ẹtu lásán ni, irú èyí tó kún ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe kankan sí i lára. Ó gbé e padà lé Bùsàrí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ṣì le koko.

"Gbé e padà síbi tó wà, òmùgọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀lírí bá jẹ èyí, èmi ni n óò pa ọ́."

Ó sọdá títì padà láìdágbére. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà Ìkìrun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ń bínú pé ohun tí wọ́n fẹ́ fi tu òun nínú kò jọ ohun tí òun pàdánù, wọn a ju èèpo ẹ̀pà síwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí.