Pẹ́pẹ́yẹ Pọn Ọ̀tá Rẹ̀ Sọdá Omi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ta kán-ún, ó fo odò kọjá, ó dá lórí Pẹ́pẹ́yẹ àti Àkùkọ.

Láyé ìgbà tí àwọn ẹranko ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Pẹ́pẹ́yẹ kì í pa ìsìn jẹ. Àgbò ni àlùfáà wọn, Àkùkọ ni ọ̀gá akọrin. Àkùkọ yìí kò fẹ́ràn ẹnì kankan tó ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, Pẹ́pẹ́yẹ gbóhùn orin sókè, Àkùkọ dá orin dúró, ó ní ta ló ń fa aṣọ ya nínú ilé Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pẹ́pẹ́yẹ délé, ó pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, ó ní òun yóò fa ogbe orí Àkùkọ ya. Ó kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ sun Àgbò. Àgbò ní bí wọ́n bá gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, kí ó yí èkejì sí wọn. Pẹ́pẹ́yẹ ní òun kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu pẹlẹbẹ ni Ọlọ́run fún òun. Àgbò ní kí ó yí ẹnu náà. Ó kùn, ó relé.

Lọ́jọ́ kejì, Àkùkọ jẹ àgbàdo tí Pẹ́pẹ́yẹ sá sóòrùn, ó tún yàgbẹ́ sórí ẹní. Pẹ́pẹ́yẹ pọ́n ẹnu, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, ó tọ Àgbò lọ. Àgbò ní kí ó gbàdúrà fún un. Pẹ́pẹ́yẹ gbàdúrà lóòótọ́: ó ní kí Olúwa bù kún Àkùkọ, kí inú sì run ún díẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Àkùkọ walẹ̀ dé ìtẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ, ó tú u ká. Ẹyin kan nínú mẹ́fà yí jáde, ó fọ́ pàá. Àkùkọ ní ẹyin náà kò kúkú lẹ́wà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Pẹ́pẹ́yẹ kò pọ́n ẹnu. Ó jókòó ti èèpo ẹyin náà títí oòrùn fi wọ̀. Lẹ́yìn náà ó kó márùn-ún tó kù lọ sórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Àgbò.

Kò pẹ́, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Odò kún, ó bo abúlé. Láti orí òkè, Pẹ́pẹ́yẹ àti Àgbò gbọ́ ohùn Àkùkọ lórí kùkùté láàárín omi:

Pẹ́pẹ́yẹ, ìyá mi,
*Omi ń bọ̀ o.*
Ó dé ẹsẹ̀, ó dé itan,
*Omi ń bọ̀ o.*
Èmi ni mo fọ́ ẹyin rẹ,
*Omi ń bọ̀ o.*
Má wo t’ẹyin, wo tojú mi,
*Omi ń bọ̀ o.*

Àgbò mirí. Ó ní Ọlọ́run ti bá Pẹ́pẹ́yẹ gbẹ̀san, kí ó jókòó ti ẹyin rẹ̀. Inú Pẹ́pẹ́yẹ dùn díẹ̀, inú tó dùn yẹn ló sì dẹ́rù bà á.

Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi ṣọ́ ẹyin. Ìwàásù tí ẹ ṣe fún mi, ẹ ti gbàgbé ẹ̀.”

Ó bẹ́ sómi, jàbú! Ó pọn Àkùkọ. Èékánná Àkùkọ ya á lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Nígbà tí wọ́n dé agbami, Àkùkọ ní kí ó rọra, ó ń ta omi sí òun ní ìyẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ dúró jẹ́ẹ́.

Ó ní, “Àkùkọ, n kò tíì fẹ́ràn rẹ. Ẹyin mi ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí o kú. Panu dé.”

Àkùkọ panu dé. Wọ́n gúnlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ dáná fún un kó yá, ó fún un ní àgbàdo. Àkùkọ ṣá hóró kan, ó tún gbé e kalẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, wọn kò rí ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló sàba lórí ẹyin, kí ẹlẹ́yin lè lọ jọ́sìn. Àwọn tó ń kọjá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àkùkọ ti di abiyamọ. Àkùkọ rọra tún apá rẹ̀ tẹ́, ó bo ẹyin márààrùn-ún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí a má fi ibi san ibi. Ìfẹ́ tí Kristi kọ́ wa kò ní kí ọgbẹ́ má dùn wá. Ó ní kí a nawọ́ sí ẹni tó dá a sí wa lára. Kí ẹ sì rántí Àgbò: ìwàásù kì í nira fún ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ.