Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Ń Rọ̀jò

Ọkùnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn, ahunṣọ òfì ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, orí rẹ̀ sì pé, àfi pé etí rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí ẹnu rẹ̀ tó dáhùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà wà nílé ọkọ ní ìlú kan létí òkun, lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Nígbà tí ó bímọ, inú bàbá dùn, o ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọmọ náà pè é lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá mi, àwọn àna yín ti sọ ọmọbìnrin wa lórúkọ. Oríkì ló kù. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti jáde, ọwọ́ yín ni mo sì fẹ́ kí ọmọ wà nígbà tí ẹ bá ń pè é. A ó dúró dè yín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà níbí báyìí, bí ẹ bá ń di ẹrù..."

Bàbá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀rùn! Ìwọ tí mò ń fi òrí pa létè nínú ọyẹ́ láti kékeré, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń di ẹrù ẹ̀ẹ̀rùn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, bí otútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ojúmọ́ gùn, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pè é. Wọn ò sọ pé òjò ò ní rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn tí bàbá mọ̀ ni eruku, àti ẹsẹ̀ tó là, àti kànga tó gbẹ. Ìyẹn ló di ẹrù fún. Ó rọ òrí sínú ike. Ó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì, ó ní òun ò ní lọ bá ọmọ òun du omi mu. Ó wá ká agbádá ẹtù tuntun lé e lórí, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun nítorí ọjọ́ náà. Aró dúdú ni wọ́n fi pa òwú aṣọ náà, kò sì tíì fojú kan omi rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé, ó na agbòjò sí i.

"Fi èyí sí i."

"Agbòjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Tóò, pè é ní agbòòrùn, kí o ṣáà mú un."

"Orí mi yìí ti mọ oòrùn kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe é."

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Lọ́jọ́ kan, wàá kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́." Ó gbé agbòjò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gba kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ bàbá. Ó bínú sí wọn gan-an. Nígbà tó dé ìlú létí òkun, òjò ló bá níbẹ̀. Ó sùn, ó jí, òjò ò dá.

Ọjọ́ tí wọn yóò ki ọmọ pé. Gbọ̀ngàn tí àwọn àlejò wà kò jìnnà sílé, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín. Ọkọ ọmọ rẹ̀ mú ẹ̀wù òjò kan wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé èyí lé e." Bàbá wo bí ọ̀rá ṣe ń dán lára ẹ̀wù náà. Ó ní, "Kí n fi ọ̀rá bo ẹtù? Òjò ẹ̀ẹ̀rùn kì í pẹ́." Ó jáde. Àna rẹ̀ ká ẹ̀wù náà sínú àpò, ó tẹ̀ lé e.

Ọmọ ọmọ mi, gbọ́, òjò etí òkun kì í ti òkè nìkan wá. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá. Kí bàbá tó dé gbọ̀ngàn, agbádá ti wúwo bí ìdì igi tútù, aró sì ti ṣàn dé ìka ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ wá síwájú rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Bàbá nawọ́. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀, ó dúdú bí ọwọ́ aláró. Ó fà á sẹ́yìn. Wọ́n bu omi, wọ́n mú ọṣẹ wá, aró ò lọ. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. Ojú yẹn ni bàbá rí tí ara rẹ̀ fi rọ̀. Ó wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì kù díẹ̀ kó padà láìgbé ohun tó wá gbé.

Ó wá bèèrè ohun tí ì bá ti bèèrè nílé. "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀rùn tiyín níbí, báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Bàbá mi, òjò máa ń rọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ò jẹ́ n sọ ọ́ tán."

"Ó dáa, sọ ọ́ tán báyìí. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ bọ́ ẹtù. Ẹ wọ ẹ̀wù òjò."

Bàbá bọ́ ẹtù. Àgbà ahunṣọ, tí gbogbo ìlú ń du aṣọ rẹ̀ rà, ó ki orí bọ ẹ̀wù ọlọ́ràá àna rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wù àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lápá, á ṣò ni lára. Eléyìí ṣò. Apá rẹ̀ gùn kọjá ìka, òun náà ló sì bo aró mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé bàbá lọ́wọ́, aṣọ funfun kò lábàwọ́n. Ó tẹ ẹnu mọ́ ọmọ létí, ó pè é: "Àwẹ̀ró." Ẹni tí a wẹ̀, tí a sì ró láṣọ.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ nu ojú, ó ní, "Bàbá mi, ta ni ẹ ń kì, ọmọ ni àbí ara yín?"

Ìwọ náà, ọmọ ọmọ mi, ẹrù ilé ọkọ lò ń dì yìí, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò lè jókòó. O ní o mọ bí wọ́n ṣe ń gbélé. Òótọ́ ni, ilé ìyá rẹ lo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá dákẹ́, inú ló ń bí i. Nílé tiwọn, bóyá ó kàn ń sinmi ni. Nílé wa, bí àlejò bá ní òun ti yó, à ń bu sí i fún un ni. Nílé tiwọn, ó lè ti yó lóòótọ́. Nítorí náà, bí ìyá ọkọ rẹ bá ń sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún ọ, dákẹ́ kó sọ ọ́ tán. Èyí tí o bá sì ti ṣì dì, má tìtorí ìtìjú máa wọ̀ ọ́ kiri. Bọ́ ọ sílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ lè gba ohun tí o torí rẹ̀ lọ.