Ọbẹ̀ Abiyamọ

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Wọ́n gbéṣẹ́ fún Ọmọjùwà pé kó máa ri ike oògùn apakòkòrò mọ́lẹ̀. Inú òkun ló ń kó wọn dà sí. "Òkun kì í kún," ló máa ń wí. Síbẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹja òkun wọ ilé òun, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Yẹmísí ọmọ rẹ̀ bímọ, àwọn àna rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ apẹja, ń fi ẹja òkun se ọbẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, Ọmọjùwà wọ ilé wọn, ó bá a níbi tó ti ń fa orí ẹja mu, ọmọ wà lọ́mú.

"Bàbá, ẹ wá bá mi jẹun. Ọbẹ̀ yìí ti jẹ́ kí omi ọmú mi pọ̀ sí i."

Bó bá ní kó má jẹ ẹ́ mọ́, wọ́n á bi í ní ohun tó mọ̀. Ó ṣanwọ́, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó bá a jẹ ẹ́.