Ibi Tí Bàálù Ńlá Kò Lè Balẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí oyún inú ọmọbìnrin wọn pé oṣù mẹ́fà. Ọmọbìnrin náà nìkan ni wọ́n bí. Ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní ìlú kan lórí òkè gíga, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì, tí òtútù sì máa ń mú ní gbogbo àárọ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó kú, ó ti di ẹrù tí yóò gbé lọ láti wẹ ọmọ: òrí nínú ike, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn tuntun méjì, àti ìró àtijọ́ mẹ́ta tí ó ti fọ̀ títí wọ́n fi rọ̀. Báàgì aláwọ̀ ewé kan ló kó wọn sí. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ló wà lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá náà tán.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà bímọ, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Kí ni ọkùnrin fẹ́ wá ṣe nílé ọlọ́mọ tuntun? Jẹ́ kí n bá àǹtí rẹ sọ ọ́."

"Ẹ̀yìn ń dun àǹtí, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ò sì sí láyé. Ẹ sáà máa bọ̀. A ti gba tíkẹ́ẹ̀tì yín."

Ọkùnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun. Kì í ṣe ẹ̀rù bàálù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òun yóò dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ òun yóò wo ẹ̀yìn òun bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀, kò sì ní rí ẹnì kankan.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ẹyẹ aláwọ̀ búlúù ni àmì wọn. Bàálù àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ tóbi, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìlú tí yóò ti wọ èkejì, wọ́n mú un gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan, wọ́n ní kí ó gun ìwọ̀n.

"Ṣé iṣu ni mí ni?"

"Ẹ má bínú, bàbá," ni ẹni tó wà nídìí ìwọ̀n wí. "Bàálù kékeré ni. A ní láti mọ bí gbogbo yín ṣe wúwo tó. Ẹrù kan ṣoṣo lẹ sì lè gbé dání. Èyí tó kù á tẹ̀ lé yín ní ọjọ́ Ẹtì."

Ó wo àpótí aṣọ tirẹ̀. Ó wo báàgì aláwọ̀ ewé. Ó fi aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ó jáde síta, ó rí bàálù náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju bọ́ọ̀sì lọ, ó sì ní abẹ̀bẹ̀ irin ní ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ya ẹyẹ búlúù sí ìrù rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí kò gbọ́ rí. Ó dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, ó ń ráhùn.

Òṣìṣẹ́bìnrin kan wà lókè àtẹ̀gùn nínú aṣọ búlúù. Ó gbọ́ ìráhùn náà, ó sì fi Yorùbá dá a lóhùn.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ máa gòkè bọ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá ṣe àdéhùn. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì mi."

"Òótọ́ ni, sà. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni wá. Agbègbè yìí nìkan la ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí ẹ mọ̀ yẹn ló fún wa láṣẹ kí á máa jẹ́ orúkọ wọn, kí á sì máa wọ aṣọ wọn."

"Aṣọ ẹlòmíràn lẹ yá wọ̀ nìyẹn."

"A yá a lóòótọ́." Kò bínú. Kò sì sọ pé òun jẹ́ ohun tí òun kì í ṣe.

Oníṣòwò kan wà lẹ́yìn ọkùnrin náà tí ó gbé páálí òròmọdìẹ lọ́wọ́. Àwọn òròmọdìẹ náà ń han gooro.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni oníṣòwò náà wí, "òtútù ń pa àwọn ọmọ mi. Àbí ẹ fẹ́ kí bàálù ńlá wá balẹ̀ sórí ewé tíì ni?"

Ọkùnrin náà kọ ojú sí òṣìṣẹ́bìnrin náà.

"Kí ló dé tí àwọn fúnra wọn ò fi gbé mi débẹ̀?"

"Pápá ibẹ̀ kúrú, sà. Bàálù ńlá kò lè balẹ̀ níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe irú èyí, kò sí ẹni tó máa débẹ̀ lónìí."

"Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ta ni kí n dì mú?"

"Orúkọ wọn ni gbogbo ayé máa pè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣọ́ra gan-an. Orúkọ wọn la yá, bàbá. A ò yá ọwọ́ wọn. Ọwọ́ tiwa la fi ń wa ọkọ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó na ọwọ́ sí báàgì aláwọ̀ ewé láti bá a gbé e. Ọkùnrin náà fà á mọ́ra.

"Fi í sílẹ̀. Ẹrù ìwẹ̀ ọmọ ni. Ọmọ mi ló bímọ."

"Ẹ kú oríire o! Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ṣáájú ni?"

"Ó ti ṣaláìsí."

Òṣìṣẹ́bìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára báàgì.

"Ẹ̀yin lẹ wá ń lọ wẹ ọmọ náà?"

"Èmi ni wọ́n pè."

"Ẹ̀yin náà ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ nìyẹn, sà," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa gòkè bọ̀."

Ọkùnrin náà gbé báàgì náà kọ́ èjìká. Ó gòkè.

Bàálù náà mì nígbà tí wọ́n wọ àárín àwọn òkè. Ọkùnrin náà gbé báàgì lé itan, ó dì í mú. Nígbà tí wọ́n ń balẹ̀, ó yọjú wo ìta, ó rí pápá náà láàárín àwọn ebè tíì. Kò gùn rárá. Táyà kan ilẹ̀, bàálù sáré díẹ̀, ó dúró. Níwájú wọn, kò sí àyè kankan tó ṣẹ́ kù, àfi ògiri òkúta àti ewúrẹ́ mẹ́ta.

Ọmọ rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá náà ti ń bẹ̀rù. Kò pẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó rí báàgì aláwọ̀ ewé, ó bú sẹ́kún, ó sì fi ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè rí ọwọ́ nu ojú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà jókòó sórí àga kékeré, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti rí i tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ṣe. Ó tẹ́ ọmọ náà lé e.

"Ẹ di orí rẹ̀ mú o, bàbá mi."

"Mo ti dì í mú."

"Màámi máa ń kọrin bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ."

"Mi ò lè kọ orin ìyá rẹ."

"Ẹ kọ tiyín."

Kò mọ orin ọmọ kankan. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lẹ́nu ni èyí tí wọ́n fi ń yan wọ kíláàsì nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Ó ń bu omi, ó ń pè é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún, ó ń wò ó. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín títí tí ó fi di ikùn mú.

Ogójì ọjọ́ ló lò níbẹ̀. Kí ó tó padà, bí àkókò ìwẹ̀ bá tó, ohun tí wọ́n ń wí nínú ilé náà ni pé, "Ó ti tó àkókò ọ̀tún-òsì."

Ìwọ arábìnrin tí mo ń sọ èyí fún, ìjọ ti fi ọ́ ṣe olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé. Ọjọ́ Ìsinmi méjì ti kọjá tí o kọ̀ láti jókòó lórí àga olùkọ́. O ń dúró sẹ́yìn, àwọn ọmọ sì ń wo ara wọn. O ní ìwọ kì í ṣe olùkọ́ tó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ kọ́. Má sọ fún wọn pé ìwọ ni. Má sì yí ohùn rẹ padà kí ó lè jọ tirẹ̀.

O ní wọn yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ. Wọn yóò wò ó. Jẹ́ kí wọ́n wò ó tán. Ẹni tó fẹ́ràn wọn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń kọ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan lo yá, nítorí náà ṣọ́ra fún un. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi ṣiṣẹ́. Bí o kò bá mọ orin tó máa ń kọ, kọ èyí tí o mọ̀. Àwọn ọmọ kan wọlé lẹ́yìn tó lọ, tí kò mọ orúkọ wọn. Òun kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ìwọ lè dé ibẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni ìyàwó mi fi jókòó lórí àga yẹn kí ó tó kú, nítorí náà kò sí ẹlòmíràn tó yẹ kó sọ èyí fún ọ. Mo ti nu eruku orí àga náà láàárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ti ń wọlé. Lọ jókòó.